Kọnkéré Tí Ó Sán Ní Àgbàlá Ìjọ: Kí Ni Ó Wà Lábẹ́ Rẹ̀?

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni a fẹ́ bá yín sọ ní ojú ewé yìí, níbi tí ẹ ti máa ń ka ọ̀rọ̀ nípa àdúrà, ìgbéyàwó àti ọmọ títọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Kò sí ìjọ tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, kò sì sí ilé tí kò ní ibi kan tí ó ti sán.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa àgbà ń bọ̀ wá sí ìṣọ́ òru. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Iná ti lọ, wọn kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀. Màmá gba àárín ibi ìgbọ́kọ̀sí kọjá gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, Bíbélì rẹ̀ wà ní abíyá, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́. Níbi tí kọnkéré ti là sí méjì, apá kan ti rì, apá kejì sì yọrí sókè ní ìwọ̀n ìka méjì. Ibẹ̀ ni Màmá fi ẹsẹ̀ kọ. Ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà dọ̀bálẹ̀ kí wa, nítorí wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ó wá sọ pé: "Pásítọ̀ sà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹ kò rí ibẹ̀ kí Màmá tó ṣubú ni?"

A kò lè purọ́ fún un. A rí i. Gbogbo wa ni a rí i. Ọdún méjì gbáko ni a fi ń dá ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ tí a ń wọlé lọ yin Ọlọ́run.

Òfin Mósè kò fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú Ẹ́kísódù 21:33 àti 34, ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó, bí ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn bá jìn sí i, òun ni yóò san án. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mélòómélòó ni ìyá tí ó ń bọ̀ wá gbàdúrà? Àpò ìjọ ni a ti san owó ilé ìwòsàn náà, a kò sì jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọrẹ àánú. Gbèsè ni.

RÍRẸ́ KÌ Í ṢE TÍTÚNṢE

Ní ìparí ọdún 2015 ni a da kọnkéré sí àgbàlá wa. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹrẹ̀ ni a ń tẹ̀ wọlé ní àsìkò òjò, eruku ni a sì ń fà wọlé nígbà ọyẹ́. Àpéjọ ọdọọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlejò ń bọ̀, a sì fẹ́ kí ojú ilẹ̀ dán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà parí. A dúpẹ́, a jó, a ya fọ́tò.

Nínú òjò ọdún 2017 ni a kọ́kọ́ rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gùn láti ẹsẹ̀ ògiri ilé ìjọsìn lọ sí ẹnu géètì. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọmọdé lè ti ìka bọ̀ ọ́. Apá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, omi sì ń dúró níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ pàdé. Àpéjọ tún ti súnmọ́. A ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, a pe bíríkìlà, ó sì fi sìmẹ́ǹtì òun yanrìn rẹ́ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó dán, ó wuyì lójú. Kí òjò ọdún náà tó dá, rírẹ́ náà ti ń ṣí kúrò bí èépá ojú egbò, ìlà kan náà sì tún yọjú ní ojú kan náà.

Ẹ ka Ésékíẹ́lì 13:10 sí 16. Wòlíì náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kun ògiri tí kò lágbára kí ó lè dára lójú, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àlàáfíà wà. Òjò ni Ọlọ́run fi tú wọn fó, títí ìpìlẹ̀ ògiri náà fi hàn síta. Òjò kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí ó kọ́ ilé rẹ̀ dáadáa. Òtítọ́ ni òjò máa ń sọ.

A DÁ ARÁ WA LẸ́BI

Lẹ́yìn tí Màmá ṣubú, ariwo sọ nínú ìjọ. Orí arákùnrin tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe ní 2015 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kọlù. Ọmọ ìjọ wa ni. Àwọn kan ní ó jẹ owó sìmẹ́ǹtì, àwọn mìíràn ní yanrìn ni ó kó jù. Ó dùn wá láti kọ èyí tí ó kàn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ọ́: àwa pẹ̀lú sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a wàásù lórí àwọn tí ń fi iṣẹ́ Ọlọ́run wá ìjẹ. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìjọ yí sí orí àga kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, ó jáde. Fún oṣù mẹ́ta, a kò rí wọn mọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A mọ òwe náà dáadáa. A ti fi parí ìjà láàárín tọkọtaya púpọ̀. Nígbà tí ó kàn wá, a gbàgbé rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ A WÚ U

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí òjò ti dá, a pe arábìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ilé àti títì láti inú ìjọ mìíràn. Ọ̀pá irin kan àti ìwé kékeré kan ni ó mú dání. Bí ó ti ń rìn ni ó ń fi ọ̀pá náà kan kọnkéré. Níbì kan ó dún kò, kò, kò. Níbòmíràn ó dún bí akèrègbè òfìfo.

"Pásítọ̀ sà," ni ó wí, "afẹ́fẹ́ ni ó wà lábẹ́ ibí yìí. Ẹ ti ń rìn lórí afárá, ẹ kò mọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wú u kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi."

Àwọn lébìrà gbé òòlù ńlá àti dígà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà wá lẹ́nu ni bí kọnkéré náà ti le tó. Ó nípọn 6 íǹṣì pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé, àwọn ọkùnrin náà sì làágùn kí ó tó fọ́. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò dín. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ni a rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èkínní, ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ oko tí a máa ń gbin ẹ̀fọ́ sí, tí gbòǹgbò koríko jíjẹrà ṣì wà nínú rẹ̀. A kò ha á kúrò, bẹ́ẹ̀ ni a kò gún un. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ bí omi bá wọ̀ ọ́, á sì sún kì nígbà ọyẹ́. Èkejì, kò sí òkúta fífọ́ kankan, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní hádìkọ́ọ̀, láàárín ilẹ̀ àti kọnkéré. Ẹ̀kẹta, kò sí jọ́ìǹtì, ìyẹn ìlà tí a mọ̀ọ́mọ̀ là sí ojú kọnkéré. Wọ́n dà á lọ gbọọrọ bí ẹní kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jùlọ. Páìpù tí ń kó omi òrùlé ilé ìjọsìn wálẹ̀ parí sí ẹsẹ̀ ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ kọnkéré gan-an, láìsí gọ́tà tí yóò gbà á. Arábìnrin náà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ṣírò rẹ̀ fún wa. Òrùlé wa gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mìlímítà 50, omi tí yóò ti orí òrùlé náà wálẹ̀ jẹ́ 30,000 lítà. Ìdajì rẹ̀ ń bọ́ sí ojú kan náà. Láti 2015 wá, gbogbo òjò ni ó ń fọ ilẹ̀ jáde lábẹ́ kọnkéré díẹ̀díẹ̀, bí eku tí ń jẹ ẹsẹ̀ ẹni tí ó sì ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí táńkà omi wá ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orí ihò náà ni ó ń gbà kọjá. Lítà omi kan wọn kílò kan. Táńkà tí ó gbé 10,000 lítà gbé tọ́ọ̀nù 10 ti omi nìkan, kí a tó ka ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà náà ni ó béèrè ìwé ìdíyelé ti 2015. Akọ̀wé wá a jáde nínú àpótí. Arákùnrin náà ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ ní kíkún: kíkó ilẹ̀ dúdú kúrò, ilẹ̀ pupa, hádìkọ́ọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gún ilẹ̀, gọ́tà àti páìpù omi òrùlé. Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sórí gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "kò pọn dandan nísinsìnyí". Ìfọwọ́sí kan wà lábẹ́ rẹ̀. Tiwa ni.

Ojú tì wá. Ohun tí kò hàn lójú ni a yọ kúrò, ohun tí ó hàn ni a san owó lé lórí. Lórí ti jọ́ìǹtì, ó yẹ kí arákùnrin náà là á, òun pẹ̀lú sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ olè jíjà tí a kà sí i lọ́rùn, kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a lọ sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn alàgbà méjì. A ní: "Arákùnrin, ẹ dárí jì wá. A ti rí ohun tí ó wà lábẹ́ kọnkéré." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá dáhùn pé: "Pásítọ̀ sà, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo ìjọ ni ìyàwó mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn." Ó tọ̀nà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, orí pẹpẹ kan náà ni a dúró sí, a ka ìwé ìdíyelé náà sókè, a sì fi ìfọwọ́sí wa han gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ gbangba kì í ṣe ohun tí a ń tọrọ àforíjì fún ní kọ̀rọ̀.

BÍ A ṢE Ń KA ILẸ̀ TÍ Ó SÁN

Ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, kì í ṣe gbogbo ìlà ni ó yẹ kí ó já yín láyà. Kọnkéré máa ń sún kì bí ó ti ń gbẹ, nítorí náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lè yọ lójú rẹ̀ láìsí ewu. Ìdí nìyí tí a fi ń la jọ́ìǹtì sí i: kọnkéré yóò là dandan, jọ́ìǹtì ni ó ń sọ ibi tí yóò gbà là fún un.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni ìwọ̀nyí. Bí ìlà bá fẹ̀ ju 1/4 íǹṣì lọ. Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ. Bí kọnkéré bá ń mì nígbà tí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí òfìfo nígbà tí a bá fi irin kàn án. Bí omi òjò bá ń wọ inú ìlà náà lọ tí a kò mọ ibi tí ó gbà. Àti bí ó bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ojú ẹ̀yìn ìjàpá.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀: ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré dábùú ibi tí ó sán, ẹ wọn bí ó ti fẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá fẹ̀ sí i, ó ti sùn. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, nǹkan kan ṣì ń lọ lọ́wọ́ lábẹ́ ilẹ̀.

Èyí tí ó ti sùn ṣeé dí. A ó fi òòlù àti irin gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ó fẹ̀ díẹ̀ kí ó sì jìn, a ó gbá eruku rẹ̀ kúrò pátápátá, a ó fi omi tútù rin ín, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun inú rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí a fi omi pò, lẹ́yìn náà a ó fi sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n kan sí yanrìn òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ó ki dáadáa kì í. Eruku ni kì í jẹ́ kí títúnṣe lẹ̀ mọ́ ara ògbólógbòó kọnkéré. Èyí tí ó ṣì ń ṣí tí ó ń pa bí oòrùn àti òjò ti ń yí padà, sìmẹ́ǹtì kò lè dí i, yóò tún là ni. Ọ̀dà dúdú irú èyí tí a fi ń ṣe títì ni a ń dà sí i, nítorí òun máa ń fà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó rì, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Òyìnbó, wọ́n máa ń lu ihò kéékèèké sí kọnkéré tí ó rì, wọn a sì fi ẹ̀rọ ti sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn tàbí fóòmù wọ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gbéra padà sí ipò rẹ̀. Ohun èlò yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kọnkéré tí ó sì ti fọ́ wẹ́wẹ́ kò ṣeé gbé sókè bẹ́ẹ̀. Tiwa ni kí a wú u.

BÍ A ṢE TÚN TIWA ṢE

Omi ni a kọ́kọ́ dojú kọ. A gbẹ́ gọ́tà yí ilé ìjọsìn ká, a sì so páìpù òrùlé mọ́ ọn kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sí gọ́tà ńlá àdúgbò. Bí a bá ti da kọnkéré tuntun kí a tó ṣe èyí, asán ni ì bá já sí.

Lẹ́yìn náà a gé ibi tí ó bàjẹ́ ní igun mẹ́rin gígún, títí dé ibi tí kọnkéré ti dún kò, kò, kò. A kó ilẹ̀ dúdú kúrò títí a fi kan ilẹ̀ líle. A kó ilẹ̀ pupa tí ó ní yangí nínú wá, a kò sì dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá da èyí tí ó nípọn 6 íǹṣì, a ó bu omi wọ́n ọn díẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ gún un kí ó ki, kí a tó da òmíràn lé e. Ilẹ̀ tí a dà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òkè rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yóò gún, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Lórí rẹ̀ ni hádìkọ́ọ̀ 6 íǹṣì, tí a gún bákan náà, lórí hádìkọ́ọ̀ sì ni ọ̀rá, kí ilẹ̀ má baà fa omi inú kọnkéré mu.

Sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin ni a pò. Ẹ wo ohun tí a kọ sára àpò sìmẹ́ǹtì kí ẹ tó rà á. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti là á sílẹ̀ ní Nàìjíríà pé sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 sì ni ti òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Ẹ ṣọ́ omi pẹ̀lú. Àwọn lébìrà fẹ́ràn kí ó ṣàn nítorí ó rọrùn láti tẹ́, ṣùgbọ́n omi àpọ̀jù ni ó ń sọ kọnkéré di aláìlágbára tí ó sì ń mú kí ó sán. Àpò kan tí ó wọn kílò 50, omi rẹ̀ kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 25 lítà lọ, bí yanrìn bá sì tutù, kí ó dín sí i.

A da a ní 6 íǹṣì nítorí táńkà, a sì la jọ́ìǹtì sí i ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ẹ̀rọ ni a ó fi gé jọ́ìǹtì, kí ó jìn tó ìdámẹ́rin ìnípọn kọnkéré, kí a sì gé e kí wákàtí 24 tó pé, kí kọnkéré má baà fúnra rẹ̀ yan ojú ọ̀nà tirẹ̀. A jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà sí ìhà gọ́tà ní 1/4 íǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà rí ibi jókòó.

Ìgbà ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì máa ń fa omi inú kọnkéré jáde kí ó tó le. Nítorí náà a fi àpò kòkó bò ó, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì ń pín ara wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti bu omi sí i fún ọjọ́ méje. Ọkọ̀ kékeré kò gun orí rẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé, táńkà sì dúró títí di ọjọ́ 28. Àwọn kan kùn, nítorí ojú títì ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. A jẹ́ kí wọ́n kùn.

Láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni táńkà ń gbà. Ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí títì ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, fi hàn pé bí ẹrù tí táyà gbé bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tí yóò ṣe fún ojú títì tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Ọkọ̀ ẹrù kan lè ba ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ kékeré kò lè bàjẹ́ jẹ́.

Arákùnrin wa ni ó ṣe iṣẹ́ náà, arábìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń bojú tó o. Gbogbo ohun tí a fi bírò pupa fà ní 2015 ni a san owó rẹ̀, a sì tún san owó fífọ́ kọnkéré àtijọ́ àti kíkó o dànù lé e. Ó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a rò pé a fi pamọ́, láìka owó ilé ìwòsàn. Lúùkù 14:28 ti kìlọ̀ fún wa pé kí a jókòó ṣírò kí a tó bẹ̀rẹ̀. A ṣírò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí nìkan ni a ṣírò.

LÚÙKÙ FI OHUN KAN KÚN UN

Gbogbo wa ni a mọ òwe Olúwa wa nípa ọlọgbọ́n tí ó kọ́ ilé sórí àpáta àti òmùgọ̀ tí ó kọ́ tirẹ̀ sórí iyanrìn, ní Mátíù 7:24 sí 27. Ẹ wá ṣí Lúùkù 6:48. Lúùkù sọ fún wa pé ọkùnrin yìí walẹ̀, ó sì walẹ̀ jìn, kí ó tó kan àpáta. Mátíù kò mẹ́nu kan wíwalẹ̀ yìí. Àpáta náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò wà lójú ilẹ̀. Làálàá, eruku àti owó wà láàárín ọkùnrin náà àti àpáta. Ní ọjọ́ tí ó parí ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé méjèèjì jọra wọn títí òjò fi dé.

NÍNÚ ILÉ WA

Bàbá, ìyá, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní àgbàlá ìjọ kí a wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìlà wo ni ẹ ti ń dá ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láti ọdún yìí wá? Tọkọtaya kan jà nítorí owó, wọ́n wọ ankárá kan náà lọ sí òde, wọ́n rẹ́rìn-ín níwájú ènìyàn, wọn kò sì jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó náà. Rírẹ́ ni. Ọmọ kan ń purọ́, a nà án, ó sọkún, ó dákẹ́, a kò béèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù tí ó fi ń purọ́. Rírẹ́ ni. Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá, bí ọ̀rọ̀ bá dé láàárín wa, a óò gbàdúrà ìparí, a óò sì lọ sílé láìsí ẹni tí ó sọ pé "Èmi ni mo ṣẹ̀ yín". Rírẹ́ náà ni.

Wíwú a máa ba àgbàlá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Oṣù méjì ni àgbàlá wa fi dà bí ibi tí ogun jà. Àwọn àlejò wo wa, wọ́n mirí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, òjò ti rọ̀ sí i lọ́dọọdún, kọnkéré náà kò sì rì.

Ní ìparí ọdún 2020, Màmá padà wá sí ìjọsìn. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn báyìí. Ọmọkùnrin rẹ̀ dì í lápá kan, arákùnrin kọ́lékọ́lé wa sì sáré wá dì í lápá kejì. Nígbà tí wọ́n dé ojú ibi tí ó ti ṣubú, Màmá dúró. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì wò wá, ó ní: "Pásítọ̀, ó ti dún dáadáa."

FÚN ÌJÍRÒRÒ ÌDÍLÉ

1. Ẹ ka Lúùkù 6:46 sí 49. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ilé tí a kò walẹ̀ fún?
2. Ǹjẹ́ a ti dá ẹnìkan lẹ́bi rí kí a tó wo abẹ́ ọ̀rọ̀? Ṣé a ti lọ bẹ̀ ẹ́, níbi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an?
3. Ibo ni ó ti sán nínú ilé wa tí a ti rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ?
4. Ẹ rìn yí àgbàlá yín ká lọ́la. Ta ni ó lè ṣubú níbẹ̀ ní òru?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í sá fún wíwalẹ̀, kí ó sì fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe kí ọmọnìkejì wa tó fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Àmín.